Kí Ọjọ́ Ìjì Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìdánrawò Àjùmọ̀ṣe Àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ìjókòó, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò tó. Mo dúpẹ́ pé ẹ wá.

Ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ kò ṣàjèjì sí yín pátápátá. Ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n rí: àwọn ọkọ̀ ogun tò lọ lórí omi, àsíá orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ọ̀gá ológun ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Oníròyìn á ní ìdánrawò àjùmọ̀ṣe ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè báyìí báyìí. Kò pẹ́, á bọ́ sórí ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń wo ìròyìn náà á wá bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni gbogbo epo tí wọ́n ń sun yìí wà fún. Ìbéèrè gidi ni. Kí n tó dáhùn rẹ̀, mo fẹ́ sọ ìtàn ọkọ̀ abẹ́ omi méjì fún yín.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún ọdún 2000, ọkọ̀ abẹ́ omi Kursk ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà bú gbàmù nínú òkun Barents. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn nìkan láàárín ara wọn. Ọ̀kan nínú ohun ìjà tí ọkọ̀ náà gbé ló gbiná. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn èyí ni ìbúgbàmù kejì, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, fọ́ iwájú ọkọ̀ náà yángá, ó sì rì. Ènìyàn 118 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàlélógún nínú wọn kò kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sá lọ sí yàrá kẹsàn-án ní ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó wà láàárín wọn sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lórí ìwé. Láti ibi tí wọ́n wà dé ojú omi kò ju mítà 108 lọ.

Ilẹ̀ Nọ́wè kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní LR5, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Àwọn méjèèjì ní àwọn ṣe tán láti wá. Ó di ọjọ́ 16 kí ìjọba Rọ́ṣíà tó gbà. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ Nọ́wè dé ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní ọjọ́ 21, omi ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ìwádìí fi hàn nígbà tó yá pé àwọn mẹ́tàlélógún náà kò pẹ́ kú. Nítorí náà, n kò ní dúró níwájú yín kí n máa sọ pé wọn ì bá yè ká ní ìrànlọ́wọ́ tètè dé. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè tàbí wọ́n ti kú. Àwọn ìyàwó àti ìyá wọn ń dúró, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. Ìbéèrè tó sì wà nílẹ̀ ni pé: ta ni ká pè? Ṣé ẹ̀rọ àwọn àjèjì yìí á bá ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ tiwa mu? Ta ló máa ṣe ògbufọ̀? Ṣé wọn ò ní rí àṣírí wa? Kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí tó yẹ kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti wà nísàlẹ̀ omi.

Ó di ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, oṣù Ògún náà ni. Ní ọjọ́ 4, ọdún 2005, ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan tó ń jẹ́ Priz, ti Rọ́ṣíà bákan náà, há sínú àwọ̀n apẹja àti wáyà nísàlẹ̀ omi, ní apá Kamchatka, ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn Rọ́ṣíà, níbi tó jìn tó mítà 190. Ènìyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ń dín kù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Wọ́n ké sí àwọn ẹlòmíràn kíákíá. Amẹ́ríkà dìde, Jàpáànì dìde, Gẹ̀ẹ́sì dìde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ òfúrufú gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Scorpio láti ilẹ̀ Scotland. Ẹ̀rọ náà kì í gbé èèyàn, láti orí ọkọ̀ lókè omi ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gé àwọ̀n àti wáyà náà kúrò. Ní ọjọ́ 7, Priz léfòó. Àwọn méjèèje ló jáde láàyè.

Kí ló yí padà láàárín ọdún márùn-ún yẹn? Omi náà ṣì jìn bó ṣe jìn. Rọ́ṣíà àti NATO, ẹgbẹ́ ológun àjùmọ̀ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kò tíì di ọ̀rẹ́ tó ń jẹ nínú àwo kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn ikú àwọn Kursk, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jókòó. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2003, Rọ́ṣíà àti NATO fọwọ́ sí àdéhùn lórí bí wọ́n á ṣe máa gba àwọn tó bá há sínú ọkọ̀ abẹ́ omi là. Wọ́n tún dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, ISMERLO lorúkọ rẹ̀, tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè ké sí bí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn bá sọnù, láìbéèrè ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó sì di oṣù Òkúdù ọdún 2005, oṣù méjì péré kí Priz tó há, Rọ́ṣíà kópa nínú ìdánrawò ńlá tí NATO ṣe ní Taranto, ní ilẹ̀ Ítálì, Sorbet Royal ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ ìdóòlà àwọn tó há sínú ọkọ̀ abẹ́ omi gan-an ni wọ́n kọ́ níbẹ̀.

Ìyẹn ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè epo. Àwọn méje yẹn mọ iye tí epo náà tó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ìdánrawò náà fúnra rẹ̀, nítorí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn kọ́ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ìbọn tí wọ́n ń yìn ni kámẹ́rà fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń le jù fún wọn. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ mẹ́fà láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà lóru, òjò ń rọ̀, gbogbo wọn ń sáré lọ síhà kan náà. Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ lórí rédíò pẹ̀lú ohùn Faransé, èkejì dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn Pọtogí, ẹ̀kẹta gbọ́ ìdajì. Ó ní “yà sọ́tùn-ún”. Ọ̀tún ta ni? Tèmi ni àbí tìrẹ? Ibi tí aṣiṣe bá ti wọ inú gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀, irin ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ló máa forí sọ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìwé ìlànà, tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àsíá kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ iná fún ara wọn fi ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Èèyàn lè ka ìwé náà lálẹ́ kan. Kò lè mọ̀ ọ́n lò láìjẹ́ pé ó ti ṣe é lórí omi pẹ̀lú àwọn tí ohùn wọn ṣàjèjì sí i, tó ti ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n sì ti tún un sọ fún un.

Rédíò tún ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn ológun kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọ́n ń dí ọ̀rọ̀ wọn kí ẹlòmíràn má baà gbọ́, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n sì fi ń tú u kò ṣeé pín fún gbogbo èèyàn. Alábàáṣiṣẹ́ tuntun tó dé, ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ní omi Sòmálíà, níbi tí ọkọ̀ ogun oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti kóra jọ láti ọdún 2008, ohun tí wọ́n ṣe rọrùn débi tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Wọ́n lo ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mercury lorúkọ rẹ̀, tí kò ní àṣírí ogun kankan nínú. Ẹni bá rí ọkọ̀ ajalèlókun á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àwọn yòókù á sì rí i. Àwọn tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ ológun kan náà, bíi Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tún ń fojú kan ara wọn nínú ìpàdé ní Bahrain, SHADE ni wọ́n ń pè é, láti pín bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ àwọn ọkọ̀ oníṣòwò. Ní ọdún 2011, àkọsílẹ̀ International Maritime Bureau, àjọ tó ń ka ìkọlù àwọn ajalèlókun kárí ayé, ka ìkọlù 237 sí àwọn ajalèlókun Sòmálíà lọ́rùn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìkọlù yẹn ti dín kù débi pé ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn mọ́ fún ìgbà kan. Mo gbà pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbà sínú ọkọ̀ wọn ṣe bẹbẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ojúlówó iṣẹ́ ni àwọn ọkọ̀ ogun náà ṣe.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ọkọ̀ ṣe ń gba epo lórí ìrìn. Ọkọ̀ ogun kò lè máa padà sí èbúté ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, ọkọ̀ agbépo á wá bá a láàárín òkun, àwọn méjèèjì á máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, eré kan náà, ọ̀nà kan náà, mítà díẹ̀díẹ̀ ló máa wà láàárín wọn. Wọ́n á ta okùn tín-ín-rín láti ọkọ̀ kan sí èkejì, okùn tín-ín-rín á fa okùn ńlá, okùn ńlá á fa rọ́bà epo. Wákàtí kan, wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lọ. Omi tó há sáàárín ọkọ̀ méjèèjì ń fà wọ́n mọ́ra. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ agbépo náà bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹnu rọ́bà wọn gbọ́dọ̀ bá tiyín mu, àmì ọwọ́ wọn gbọ́dọ̀ yé yín, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fọkàn tán ẹni tó wà ní ìdí ìtọ́kọ̀ lọ́hùn-ún. Wọn kì í kọ ìfọkàntán sínú àdéhùn. Orí omi ni wọ́n ti ń rí i.

Ìdánrawò ojú omi tó tóbi jù láyé ni RIMPAC, tí Amẹ́ríkà ń gbà lálejò ní Hawaii. Ọdún 1971 ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè 29 ló wá, pẹ̀lú nǹkan bí ọkọ̀ ogun 40, ọkọ̀ abẹ́ omi 3, ọkọ̀ òfúrufú tó lé ní 150 àti èèyàn tó lé ní 25,000. Íńdíà àti Amẹ́ríkà ní tiwọn tó ń jẹ́ Malabar láti ọdún 1992, Jàpáànì ti di ọmọ ilé níbẹ̀ láti ọdún 2015, Ọsirélíà sì padà wọlé ní ọdún 2020. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Iye ọkọ̀ kì í sọ bí ìdánrawò ṣe wúlò tó.

Èyí tí mo fẹ́ jókòó tì ni ti òkun Gíní, láti Sẹ̀nẹ̀gà sọ̀kalẹ̀ dé Àǹgólà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lójú tèmi. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ajalèlókun tó bá ja ọkọ̀ gbà lójú omi Côte d’Ivoire kò dúró síbẹ̀. Á gbé e gba iwájú Gánà kọjá, á gba iwájú Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, á sì wá ibi tí á ti tú epo inú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn. Nígbà kan, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè kan á lé e dé ibi tí omi rẹ̀ parí sí, á sì yípadà. Ọ̀rọ̀ ti di ti aládùúgbò nìyẹn. Ní ọdún 2020, nínú atukọ̀ 135 tí àwọn ajalèlókun jí gbé ní gbogbo àgbáyé, 130 ló jẹ́ ní òkun Gíní. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn gbọ́: 130 nínú 135.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jùmọ̀ ṣọ́ omi wọn láti ọdún 2011. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2013, orílẹ̀-èdè 25 fọwọ́ sí ìlànà kan ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Wọ́n pín òkun náà sí ẹkùn, wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ilé iṣẹ́ ńlá méjì lé wọn lórí, ọ̀kan ní Abidjan, èkejì ní Pointe-Noire, tí ti Yaoundé fúnra rẹ̀ sì so gbogbo wọn pọ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé bí ẹkùn kan bá rí ohun tó fura sí, kí ẹkùn kejì ti mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdánrawò tí wọ́n fi ń yẹ okùn yìí wò lọ́dọọdún ni Obangame Express, tí Amẹ́ríkà ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Obangame jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Fang, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìṣọ̀kan.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2016, okùn náà fà. Ọkọ̀ agbépo kan, Maximus, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajalèlókun lójú omi Côte d’Ivoire ní ọjọ́ 11. Wọ́n yí orúkọ tó wà lára rẹ̀ padà. Òfin àgbáyé ní kí ọkọ̀ ńlá máa fi ẹ̀rọ kan kéde ibi tó wà àti orúkọ tó ń jẹ́. Ohun tí ajalèlókun kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kó pa ẹ̀rọ náà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó wà ní agbègbè náà fún iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí i, ó tẹ̀ lé e. Gánà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Tógò náà dá sí i, títí ọ̀rọ̀ fi kan Nàìjíríà. Omi orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ọkọ̀ náà là kọjá. Ẹnìkan ń fi ojú lé ẹnìkejì lọ́wọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń gba igbá kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lójú omi São Tomé, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan, ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá a. Wọ́n bá àwọn ajalèlókun náà sọ̀rọ̀ títí, wọ́n kọ̀, àwọn ọmọ ogun náà sì gun orí ọkọ̀. Ajalèlókun kan kú, wọ́n mú mẹ́fà, ọkọ̀ náà padà sọ́wọ́ olóhun. Ó dùn mí pé àwọn ajalèlókun tó sá lọ gbé méjì nínú àwọn atukọ̀ lọ. Iṣẹ́ náà kò pé. Mo máa padà sórí bí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ṣe rí àyè wọ omi São Tomé.

Mímú olè kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àsọyé lórí nǹkan yìí máa ń dánu dúró sí nìyẹn, tí inú mi kì í dùn sí. Ẹ mú u, ó dáa. Ilé ẹjọ́ wo lẹ fẹ́ gbé e lọ?

Ní oṣù Bélú ọdún 2021, ọkọ̀ ogun Dẹ́nmákì kan, Esbern Snare, bá àwọn kan tó fura sí pàdé ní gúúsù Nàìjíríà, lójú omi tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Wọ́n yìnbọn fún ara wọn, mẹ́rin kú nínú àwọn afurasí náà, wọ́n sì mú mẹ́rin láàyè. Lẹ́yìn náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní etíkun náà tó gbà wọ́n lọ́wọ́ wọn, Dẹ́nmákì náà kò fẹ́ gbé wọn lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọ́n wà nínú ọkọ̀. Nígbà tó di oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2022, wọ́n gbé mẹ́ta sínú ọkọ̀ pẹ́pẹ́ kan, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àti epo, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀kẹrin, tó fara gbọgbẹ́ débi tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n gbé lọ sí Dẹ́nmákì. Ilé ẹjọ́ ní ó jẹ̀bi, kò sì fún un ní ìyà kankan. Ọkọ̀ ogun olówó iyebíye, àwọn ọmọ ogun tó mọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá, àdéhùn kan tí wọn ò ṣe ṣáájú ló sọ ọ́ di asán.

Ẹ wá fi èyí wé ti ọkọ̀ apẹja Hailufeng 11. Wọ́n já a gbà ní ìtòsí Côte d’Ivoire ní oṣù Èbìbí ọdún 2020, atukọ̀ 18 wà nínú rẹ̀. Ìròyìn dé etí àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà láàárín àkókò díẹ̀, wọ́n lé e bá, wọ́n gba gbogbo àwọn atukọ̀ náà là, wọ́n sì mú ajalèlókun mẹ́wàá. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tó sọ ìjalèlókun di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró pẹ̀lú ìyà tirẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kan náà, Tógò náà dá ẹjọ́ ajalèlókun tirẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ajalèlókun rí i pé ẹ̀wọ̀n wà ní ìdí iṣẹ́ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń wo ìdánrawò kan báyìí, ojú mi kì í sí lára ìbọn. Mo máa ń wá agbẹjọ́rò. Mo máa ń wò bóyá ẹni tó gun orí ọkọ̀ afurasí mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ẹ̀rí, bí wọ́n ṣe ń di ìbọn tí wọ́n bá nílẹ̀ sínú àpò láìfi ọwọ́ lásán kàn án, bí wọ́n ṣe ń kọ aago tí wọ́n wọlé sílẹ̀. Ọmọ ogun tó bá ju ẹ̀rí sómi ti tú olè sílẹ̀.

Òṣèlú wà nínú rẹ̀ náà, n kò ní pa á mọ́. Ẹni tí wọ́n pè àti ẹni tí wọn ò pè, ọ̀rọ̀ ni. Ṣáínà wá sí RIMPAC ní ọdún 2014 àti 2016. Ní 2018 Amẹ́ríkà gba ìwé ìpè padà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó ń kọ́ sórí àwọn erékùṣù òkun Gúúsù Ṣáínà. Nígbà tí Gúúsù Áfíríkà gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà lálejò fún ìdánrawò Mosi ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, ó bọ́ sí àsìkò gan-an tí ogun Yukréìnì pé ọdún kan, ariwo sì ta. Èrò tèmi ni pé orílẹ̀-èdè lómìnira láti yan ẹni tó máa bá lọ sójú omi, ṣùgbọ́n kó má díbọ́n pé ọjọ́ tí òun yàn kò ní ìtumọ̀.

Àbùkù tó ń bí mi nínú jù kì í tilẹ̀ ṣe ti òṣèlú. Ọ̀pọ̀ ìdánrawò ni wọ́n ti kọ ìparí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bí ajalèlókun á na ọwọ́ sókè ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nítorí pé àlejò pàtàkì máa kúrò ní aago mọ́kànlá. Ajalèlókun gidi kò mọ aago mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ ní iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ti mọ orúkọ àti ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, wọ́n á gbé e lọ sí ọ́fíìsì orí ilẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ láti álífábẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí wọ́n fi tọrẹ á dúró sí èbúté nítorí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan tí kò sí. Àti pé, ajalèlókun ni gbogbo ayé ń lé nítorí pé ọkọ̀ olówó ló ń kọlù. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń fi àwọ̀n gbálẹ̀ òkun lóru láìgba ìwé àṣẹ, tí apẹja inú ọkọ̀ kékeré fi ń padà sílé lọ́wọ́ òfo, ìdánrawò mélòó ni wọ́n fi wọ́n ṣe olórí iṣẹ́? Kò tó. Mo fẹ́ kí wọ́n yí i padà, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀.

Wọ́n ní kí n gba ìbéèrè. Méjì ni mo máa dáhùn.

Ọ̀dọ́kùnrin tó wà lápá òsì béèrè pé ṣé àwọn àjèjì tí a bá ń ṣe ìdánrawò kò ní jí àṣírí wa. Wọ́n á gbìyànjú, ọmọ mi. Ní RIMPAC ọdún 2014, Ṣáínà mú ọkọ̀ mẹ́rin wá síbi tí wọ́n pè é sí, ó sì tún rán ọkọ̀ amí kan tí ẹnikẹ́ni ò pè láti máa tẹ́tí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ológun ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pa àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń yan ohun tí wọ́n máa gbé jáde. Ohun tí a ń fi han alábàáṣiṣẹ́ ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń wakọ̀, kò sí ìdí láti fi ìyẹ̀wù hàn án.

Màmá tó wà níwájú béèrè ìbéèrè tó le jù: kí ni orílẹ̀-èdè kékeré, tí kò ní ju ọkọ̀ kan méjì lọ, lè mú wá síbi tí àwọn alágbára ti kóra jọ? Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti Maximus, mo ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà wọ omi São Tomé, àwọn ajalèlókun inú rẹ̀ ń fi òfin àgbáyé yangàn, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kò láṣẹ lórí àwọn níbẹ̀. Ká ní bí ìgbà àtijọ́ ni, wọn ì bá jàre. São Tomé jẹ́ erékùṣù méjì kékeré, kò ní ọkọ̀ tó lè dá irú ọkọ̀ agbépo bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tó ní ni àdéhùn tó ti bá Nàìjíríà ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn, pé ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà lè máa ṣọ́ omi òun. Kò sẹ́ni tó ní láti jí mínísítà kankan lójú oorun lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé náà tipẹ́, àwọn ọmọ ogun kàn gbé àkàsọ̀ wọn, wọ́n gun òkè.